Májèlé: Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kí ẹni tó mu oògùn apakòkòrò tó dé ilé ìwòsàn

Bí àgbẹ̀ bá ṣèèṣì mu oògùn apakòkòrò lóko, ogun méjì ló dojú kọ: májèlé tó wà nínú ara rẹ̀, àti ọ̀nà tó jìn sí ilé ìwòsàn.

Burkina Faso wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbin òwú jùlọ nílẹ̀ Áfíríkà, oògùn oko sì pọ̀ níbẹ̀. Aláìsàn tí apá ilé ìwòsàn kékeré kò bá ká, ìlú Ouagadougou ni wọ́n ń gbé e lọ, sí ilé ìwòsàn ńlá bíi Yalgado Ouédraogo.

Kí ni àwọn dókítà máa ń ṣe?

Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò, títí kan irú èyí tó wà nínú Sniper tí wọ́n mọ̀ ní Nàìjíríà, máa ń da iṣẹ́ ọpọlọ àti iṣan rú. Itọ́ àti òógùn á máa dà, ọmọlójú á kéré, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró, mímí á sì di ìṣòro.

Èémí ni dókítà máa ń kọ́kọ́ wò. Wọ́n á fa omi ẹnu aláìsàn, wọ́n á fún un ní oxygen. Wọ́n á bọ́ aṣọ rẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, torí pé májèlé náà ń gba awọ ara wọlé.

Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ atropine, tí wọ́n á máa tún fún un títí ẹ̀dọ̀fóró yóò fi gbẹ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka atropine sí oògùn kòṣeémánìí.

Èyí tí kò ní ẹ̀rọ̀

Ti paraquat, oògùn apakoríko, yàtọ̀. Kò sí oògùn tó ń pa agbára rẹ̀, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Oxygen gan-an lè dá kún un.

Burkina Faso dábàá pé kí àdéhùn Rotterdam fi irú paraquat kan sára àwọn oògùn oko tó léwu, àmọ́ àwọn orílẹ̀-èdè kò fẹnu kò lórí rẹ̀ níbi ìpàdé ọdún 2013. Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC fòfin de paraquat láti ọjọ́ 1, oṣù Kínní, ọdún 2024.

Kí lẹ lè ṣe nílé?

- Ẹ má fi epo pupa tàbí wàrà rọ ọ́. Wọn kì í pa májèlé, wọ́n sì lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró.
- Ẹ má fipá mú un bì.
- Ẹ bọ́ aṣọ tí oògùn dà sí, kí ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan oògùn náà.
- Bí kò bá mọ ara mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀.
- Ẹ mú ìgò oògùn náà dání lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ aago tó mu ún.

Ẹ má sì ṣe bu oògùn oko sínú ìgò omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọdé tí òùngbẹ ń gbẹ kò ní béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.