Ṣé o mọ̀? Ìgbà tó jáde nílé ìtọ́jú ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tí ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún bá jáde sí ìgboro ló léwu jù fún un? Àwọn oníwádìí tọ ipasẹ̀ àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní ìpínlẹ̀ Washington, l'Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2007. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ewu pé kí àmujù oògùn pa wọ́n fi ìlọ́po 129 ju ti àwọn ará ìlú yòókù lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó yé ni. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹni náà kò fẹnu kan oògùn, ara rẹ̀ kò lè gbé e mọ́. Ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ tí kò mì ín, òun náà ló lè pa á lónìí. Tramadol, kodíìnì àti heroin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Ṣé o mọ̀ pé ibi téèyàn ti ń lò ó náà lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí? Lọ́dún 1982, Shepard Siegel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fún àwọn eku ní heroin. Ìwọ̀n kan náà ni, àmọ́ àwọn tó gbà á níbi tí wọn kò mọ̀ kú ju àwọn tó gbà á níbi tó ti mọ́ wọn lára. Bí ara bá ti rí ibi tó mọ̀, á ti múra sílẹ̀. Ìyẹn náà ló ń jẹ́ kí ọkàn ẹni tó ti jáwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí i bó bá ti kọjá lójúde tí wọ́n jọ ń fà á.

Nígbà ogun Vietnam ńkọ́? Heroin di bárakú fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, ẹ̀rù sì ba ìjọba wọn gan-an. Nígbà tí oníwádìí kan, Lee Robins, tọpinpin wọn dé ilé, bíi márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló tún di bárakú fún láàárín ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n ti fi ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ sílẹ̀ sẹ́yìn òkun. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó kọ́ ọ ní garéèjì Ìkòròdú, tí wọ́n tọ́jú nílé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá tàbí ní Aró, garéèjì Ìkòròdú náà la tún ń dá a padà sí, a ó wá máa bi í pé kí ló tún dé.

Ṣé o mọ̀ pé Ketu-Èjìnrìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yàn láti kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ àti ibùdó ìmúbọ̀sípò sí? Ibẹ̀ dákẹ́, ó jìnnà sí ariwo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò àbọ̀ ló ń kọ mí lóminú. Ta ni yóò dúró dè é níbi tí ọkọ̀ bá ti já a sílẹ̀?

Oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adéoyè Lambo ti ro ọ̀rọ̀ yìí já láti ọdún 1954. Kàkà kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé ní Aró, l'Abẹ́òkúta, àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká ló fi wọ́n wọ̀ sí. Ará abúlé á fún aláìsàn ní yàrá, ẹbí rẹ̀ kan á bá a wá, òun ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ rí dókítà. Àwọn aláìsàn ń bá ará abúlé lọ sóko, wọ́n ń bá wọn lọ sọ́jà. Àìsàn ọpọlọ ni wọ́n ń tọ́jú nígbà náà, kì í ṣe oògùn olóró, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò tíì gbó: aláìsàn kò kúrò láàárín èèyàn débi tí wọ́n á tún máa wá bí yóò ṣe padà.

Oògùn olóró kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí nìkan. Lọ́dún 1964 ni Tọ́lání Asuni, oníṣègùn Aró, ti kọ̀wé nípa wàhálà igbó mímu ní Nàìjíríà sínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó fi igbó sílẹ̀ lè máa lá àlá burúkú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa làágùn lóru, kí oorun má kùn ún? Kì í ṣe pé ayé ń ṣe é. Ara rẹ̀ ló ń tún ara ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni tó fi ọtí sílẹ̀, oorun tirẹ̀ sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gún.

Ṣé inú ẹni tó ti jáwọ́ kì í dùn sí ohunkóhun? Lọ́dún 2001, Nora Volkow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán ọpọlọ àwọn tó ti fi methamphetamine sílẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní ice. Ibi tó bàjẹ́ ń san, àmọ́ ó lé lọ́dún kan kó tó hàn dáadáa. Nítorí náà, bó bá jókòó síwájú àmàlà tí ìyá rẹ̀ sè fún un tí kò rẹ́rìn-ín, má pè é ní abaramóorejẹ.

Ṣé o mọ̀ pé nǹkan bíi 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń padà sídìí oògùn láàárín ọdún kan? Àwọn dókítà tó kọ ọ́ lọ́dún 2000 fi wé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ikọ́ fée: iye àwọn tí tiwọn ń padà le kò jìnnà síra. A kì í lé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún ru jáde nílé. Ilé ìwòsàn la máa ń gbé e lọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọtí. Ọjà Èjìnrìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ kan náà, wà lára àwọn ọjà etí ọ̀sà tó gbajúmọ̀ jù ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkó ti ń pàdé. Epo àti ẹ̀kùrọ́ ń gbabẹ̀ lọ, ẹrù òyìnbó ń gbabẹ̀ wọlé. Jíìnì tí ọkọ̀ ń kó wá sí Èkó láti Hamburg àti Rotterdam kò kéré nígbà náà. Ní September 1919, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí àdéhùn ní Saint-Germain, nítòsí Paris, pé kí irú ọtí líle bẹ́ẹ̀ má wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, a ti ń fi ògùrọ̀ se ògógóró tiwa nínú igbó etídò.

Ṣé o mọ̀ pé ife ògógóró tí apẹja ń gbé mì láàárọ̀ kì í lé òtútù ọ̀sà? Ọtí ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ fẹ̀, ooru inú ara á sì máa sá jáde. Ara á dà bí ẹni gbóná, inú á máa tutù.

Ṣé o mọ̀ pé àgbo lè dá ẹni tó ti jáwọ́ nínú ọtí padà? Wo àtẹ alágbo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì: ìgò tò lọ, èèpo igi àti egbò rì sísàlẹ̀, omi orí rẹ̀ pọ́n. Jẹ̀díjẹ̀dí nìyí, ọ̀pá ẹ̀yìn nìyẹn. Omi ni wọ́n fi rẹ àwọn kan, ògógóró ni wọ́n fi rẹ èyí tó kù. Ẹni tó kúrò nílé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bèèrè: “Ìyá, ṣé ti omi ni àbí ti ọtí?” Bó bá jẹ́ pé disulfiram ni dókítà kọ fún un, oògùn tí àwọn ará Denmark mọ ìlò rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940, èyí kọjá eré: ìwọ̀nba ọtí díẹ̀ inú àgbo yẹn lè mú kí ojú rẹ̀ pọ́n, kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, kí èébì gbé e.

Ìsọmọlórúkọ náà ńkọ́? Ife ọtí á máa yí ká, kóówá á máa tọ́ ọ wò. Ẹni tó ti jáwọ́ lè gbà á, kó ṣàdúrà sí i, kó sì gbé e fún ẹnì kejì. Kò ní ṣe ọmọ náà ní nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá tó ń pariwo pé “tọ́ ọ wò, díẹ̀ kò lè pa ẹ́” ló yẹ kẹ́nì kan fà sẹ́yìn. Ọtí inú ọ̀rá tó so rọ̀ sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kó rọrùn rárá. NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ariwo sọ, wọ́n sì tún sún un síwájú.

Owó ọwọ́ náà léwu. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ni ọkàn máa ń fà jù, ọlọ́kadà àti ọlọ́kọ̀ sì rèé, ojoojúmọ́ ni tiwọn ń wọlé. Ní tèmi, alájọ tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ lè ṣe é láǹfààní ju ìwàásù ẹbí lọ.

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2019, Èkó ló ṣáájú nínú lílo oògùn olóró, 33 nínú ọgọ́rùn-ún? Pé ẹnì kan nínú mẹ́rin tó ń lò ó jẹ́ obìnrin? A kì í sábàá rí wọn nílé ìtọ́jú, torí ẹni tí wọ́n bá rí níbẹ̀, wọ́n á ní kò ṣeé fẹ́ mọ́.

Ìrànlọ́wọ́ kò jìnnà sí Èjìnrìn. Ibùdó CADAM, tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, wà ní Aràgà, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́. Ibùdó ìjọba Èkó tó ń kọ́ àwọn tí wọ́n kó láti ìgboro níṣẹ́ ọwọ́ wà ní Májídùn, n'Íkòròdú. NDLEA sì ní nọ́ńbà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìmọ̀ràn, 080010203040, ìpè rẹ̀ kò náni lówó. Tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ kí èèyàn rẹ tó ti ilé ìtọ́jú délé.