Kí ni ká fi bo irin ọgbà ajá tí kò fi ní dógùn-ún?

Àwọn àgbà ní Ògún ló ni irin, Ògún náà ló ni ajá. Ẹni tó bá dé ọgbà ẹ̀gbọ́n mi kan ní ìhà Ajah lọ́dún tó kọjá á rò pé Ògún ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ń sin ajá, wọ́n sì ń bá àwọn èèyàn kọ́ ajá tiwọn. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún wẹ́dà kan pé kó ṣe ohun eré ajá: ọ̀pá tí ajá á máa fò kọjá, òrùka ńlá tí á máa gba àárín ẹ̀ bẹ́, àti pèpéle onírin kan tó dà bí òrùlé ilé, tí ajá á gùn lápá kan tí á sì sọ̀ kalẹ̀ lápá kejì. Òpó irin àti wáyà ni wọ́n fi yí gbogbo ẹ̀ ká. Wẹ́dà náà jó o dáadáa o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kùn ún ní ọ̀dà pupa àti búlúù, ó ń dán yanran.

Kí ọdún tó yí po, ọ̀dà ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹsẹ̀ òpó méjì ti jẹ débi pé èèyàn lè fi ìka lu ú. Etí pèpéle tó ti jẹ ló wá gé Bingo látẹ́lẹsẹ̀, tí dókítà ẹranko fi ní láti rán ojú egbò náà.

Ẹ̀gbọ́n pè mí torí pé ìmọ̀ nípa irin ni mo kà ní yunifásítì. "Àbúrò mi, ọ̀dà wo ló le jù lọ́jà? Ṣáà dárúkọ ẹ̀, mo fẹ́ rà á lónìí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wá wo ibi tó ti jẹ."

Ibi tó ti jẹ ló sọ gbogbo ìtàn. Òrùka, tí ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ fara kàn, ṣì ń dán. Pèpéle ló ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí èékánná ajá ti ha á, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ti pọ́n. Ní ti àwọn òpó, láti ilẹ̀ dé nǹkan bí orúnkún èèyàn nìkan ló jẹ, òkè wọn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ti mọ ìdí ẹ̀. Akọ ajá kì í rí òpó kó má gbé ẹsẹ̀.

Ká tó dé orí ọ̀dà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń bá jà. Irin kì í dédé wà ní irin nínú ilẹ̀. Òkúta tó wà ní Itakpe ní ìpínlẹ̀ Kogi, irin àti ọ́síjìn tó so mọ́ra ni. Iná ńlá la fi ń já wọn. Látọjọ́ tí a bá ti já wọn ni irin ti ń wá ọ̀nà àtipadà sọ́dọ̀ ọ́síjìn, omi ló sì ń bá a ṣe alárinà. Ohun tí à ń pè ní ìpáàrà ò ju ìyẹn lọ: irin tó ti padà di ohun tó jọ òkúta tó ti wá.

Iyọ̀ ló ń mú kí alárinà yìí yára. Iṣẹ́ iná mànàmáná kékeré ni kí irin dógùn-ún: ibì kan lára irin ń pàdánù electron, ibòmíì ń gbà á. Omi tó ní iyọ̀ sì máa ń gbé iná mànàmáná ju omi òjò lọ. Ajah ò jìnnà sí òkun, atẹ́gùn ibẹ̀ ń gbé iyọ̀ wá lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí irin kan náà fi máa ń pẹ́ ní Ìṣẹ́yìn ju Lekki lọ. Ìpáàrà tún ní ìwà burúkú kan: ó máa ń fẹ̀ ju irin tó ti wá lọ. Tó bá ti ráyè wọ abẹ́ ọ̀dà níbi tí èékánná ha, á máa wú, á máa ti ọ̀dà sókè, omi á tún máa wọlé sí i. Ìyẹn ló fi ń ṣí dé ibi tí ajá ò tiẹ̀ fẹsẹ̀ kàn.

Ìtọ̀ wá ni iyọ̀ tí wọ́n ń gbé wá sílé. Omi, oríṣiríṣi iyọ̀ àti urea ló wà nínú ẹ̀. Tí àwọn kòkòrò àìfojúrí bá jẹ urea yẹn, ammonia ló ń dà, òórùn tó máa ń ta èèyàn nímú lára ògiri tí wọ́n kọ "Má tọ̀ síbí o" sí. Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Lóṣù kẹjọ ọdún 2015, òpó iná kan wó ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, ó bọ́ lu mọ́tò. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kí ìtọ̀ èèyàn àti ti ajá wà lára ohun tó jẹ ẹ́ nídìí.

Idẹ náà ò mórí bọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà ní Íńdíà, ọta ìbọn wọn tí wọ́n fi idẹ ṣe èèpo ẹ̀ máa ń là lásìkò òjò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú. Ilé ẹṣin ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí. Lọ́dún 1921 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ammonia tó ń jáde látinú ìtọ̀ ẹṣin ló ń là á. Bí ìkọ́ ẹnu ọ̀nà ọgbà ajá yín bá jẹ́ idẹ, ẹ máa fojú sí i.

Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n bi mí pé ọ̀dà wo ló le jù. Èmi rò pé ìbéèrè tó yẹ ká bi ni pé: tí èékánná ajá bá ha á, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Torí pé ajá á ṣáà ha á ni. Kò sí ọ̀dà tí ajá oníkílò 35 ò ní ha tó bá ń gùn ún lójoojúmọ́.

Ọ̀dà dà bí aṣọ òjò. Tí kò bá tíì ya, ara gbẹ. Tó bá ya pẹ́nrẹ́n, ibẹ̀ ni omi máa gbà wọlé, èyí tí kò ya ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Síǹkì ò rí bẹ́ẹ̀. Tí síǹkì àti irin bá fara kan ara wọn nínú omi kan náà, síǹkì ló máa ń yára sọ electron tiẹ̀ nù. Nítorí náà, tí èékánná bá tiẹ̀ ha á dé irin, síǹkì tó wà létí ibẹ̀ ni ìyà á kọ́kọ́ jẹ, irin á wà láàyè. Síǹkì ń fi ara ẹ̀ rúbọ fún irin ni.

Kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ló wà lára páánù ilé àwọn bàbá wa. Ìgbà tí páánù bá ṣì funfun, síǹkì ló ń jẹ. Ìgbà tí síǹkì bá tán ni òrùlé ń di pupa rúsúrúsú, irú èyí tí ẹ máa ń rí tí ẹ bá dúró lórí òkè Mápó n'Ìbàdàn. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Stanislas Sorel, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń ri irin bọ síǹkì yíyọ́ lọ́dún 1837, ọ̀nà ọ̀hún ò sì yí padà púpọ̀. Wọ́n á fi ásíìdì fọ irin mọ́ tónítóní, wọ́n á rì í bọ inú síǹkì tó ti yọ́ ní nǹkan bí 450°C. Síǹkì yẹn kì í kàn lẹ̀ mọ́ irin bí ọ̀dà. Ó ń wọra pẹ̀lú ẹ̀, méjèèjì á di àdàlù kan tó le gan-an.

Báwo ló ṣe nípọn tó? Fún páìpù tí ara ẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2, ìlànà ISO 1461 ní kó tó máíkírọ̀n 55 ó kéré tán. Máíkírọ̀n 1,000 ló wà nínú mìlímítà kan, irun orí yín kan ṣoṣo sì lè tó 70. Ó kéré, àbí? Ṣùgbọ́n níbi tí iyọ̀ òkun ti pọ̀, nǹkan bíi máíkírọ̀n 4 sí 8 ló ń jẹ lára síǹkì lọ́dún, nígbà tí irin tí kò wọ nǹkan kan lè pàdánù 80 sí 200 ní ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: ọdún 7 sí 13 létí òkun. Níbi tó jìnnà sí òkun, tí síǹkì kì í jẹ ju máíkírọ̀n 2 lọ lọ́dún, ó lè ju ọdún 25 lọ. Ìtọ̀ á gé díẹ̀ kúrò níbẹ̀ nídìí òpó, òótọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ fi wé ọdún kan ṣoṣo tí ọ̀dà lò.

Ẹ ṣọ́ra lọ́jà ṣá, torí kì í ṣe gbogbo ohun tó funfun tí wọ́n pè ní "galvanize" ló dọ́gba. Bóòtù tó ń dán bíi dígí yẹn, iná mànàmáná ni wọ́n fi lẹ síǹkì mọ́ ọn, ó sì sábà máa ń wà láàárín máíkírọ̀n 5 sí 12. Ẹ padà sídìí ìṣirò yẹn, ẹ ó rí i pé ọdún kan sí mẹ́ta ni. Èyí tí wọ́n rì bọ síǹkì yíyọ́ kì í dán tó bẹ́ẹ̀, àwọ̀ eérú ló máa ń ní tó bá pẹ́ díẹ̀, inú páìpù náà á sì ní síǹkì bí ìta ẹ̀. Ẹ yọjú wo inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó yé mi. Ká ra páìpù galvanize, kí wẹ́dà wá jó o."

Mo ní rárá o. Iná wẹ́dà gbóná ju ohun tí síǹkì lè gbà lọ. Ní 907°C síǹkì á hó, á di èéfín funfun. Ibi tí ẹ jó yẹn ti pàdánù ààbò ẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni omi máa ń dúró sí. Wẹ́dà tó bá fa èéfín náà símú lè wà nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn kó máa gbọ̀n, kí ara ẹ̀ gbóná bíi ti oníbà. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé mílíìkì ló ń fọ̀ ọ́. Ikùn ni mílíìkì ń lọ, ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Wọn ò pàdé. Torí náà, ẹ gé e, ẹ lu ihò ẹ̀, ẹ jó o tán pátá, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ rì bọ síǹkì. Ẹ sì rí i pé páìpù kọ̀ọ̀kan ní ihò tí afẹ́fẹ́ á gbà jáde. Páìpù tí wọ́n dí lójú méjèèjì lè bú gbàù nínú síǹkì gbígbóná, ó sì lè pa èèyàn.

Nǹkan kan tún wà tí kì í jẹ́ kí n fi síǹkì sílẹ̀ níhòòhò níbi tí ẹnu ajá bá ti lè dé. Ajá tó bá gbé síǹkì mì wà nínú ewu. Omi inú ikùn ẹ̀ á yọ́ ọ, síǹkì á wọnú ẹ̀jẹ̀, á máa ba sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, owó sẹ́ǹtì kan tí wọ́n ṣe láti ọdún 1982, tí síǹkì kó 97.5% lára ẹ̀, ti fi ọ̀pọ̀ ajá sọ́wọ́ dókítà báyìí. Ajá tó ń lá òpó kò tíì débẹ̀. Èyí tó ń họ irin jẹ ni ká máa bẹ̀rù, Bingo sì wà lára wọn.

Ibí ni ọ̀dà ti wá wúlò, lórí síǹkì. Èyí tí mo fẹ́ràn ni powder coating. Ọ̀dà gbígbẹ, lẹ́búlẹ́bú, ni wọ́n máa ń fọ́n sára irin pẹ̀lú iná mànàmáná tí á fi lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá yan án nínú ààrò ní nǹkan bí 180 sí 200°C títí á fi yọ́ tí á di awọ kan ṣoṣo. Ẹ ní kí wọ́n lo polyester. Oòrùn máa ń sọ epoxy di ẹfun. Síǹkì tó wà nísàlẹ̀ kì í jẹ́ kí ìpáàrà ráyè wú lábẹ́ ọ̀dà, ọ̀dà tó wà lókè kì í jẹ́ kí òjò àti ìtọ̀ dé ara síǹkì. Ẹ má mú àwọ̀ dúdú o. Ẹ gbé ọwọ́ lé irin dúdú ní aago méjì ọ̀sán, kẹ́ ẹ wá rántí pé ajá ò wọ bàtà.

Stainless ńkọ́? Ó dáa, owó ẹ̀ ló pọ̀. Chromium inú ẹ̀ ló ń hun awọ tín-ín-rín bò ó, awọ yẹn sì máa ń padà hù tí wọ́n bá ha á. Létí òkun, 316 tó ní molybdenum ni kẹ́ ẹ béèrè, 304 máa ń ní àbàwọ́n pupa. A fi ṣe abọ́ omi àti ọ̀pá kan tí Bingo fẹ́ràn láti máa họ jẹ.

Owó ò tó láti ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òpó àti pèpéle la rì bọ síǹkì, tá a sì fi powder coating aláwọ̀ eérú lé e lórí. Òrùka àtijọ́ la fi sílẹ̀ bó ṣe wà, torí kò sẹ́ni tó ń dà á láàmú. A da kọnkéré yí ìdí òpó kọ̀ọ̀kan ká, a jẹ́ kó dagun díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn kúrò, mo sì ní kí wọ́n máa da omi sí ìsàlẹ̀ òpó láràárọ̀.

Lọ́jọ́ tá a gbé òpó tuntun dúró, Bingo ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó gbóòórùn ẹ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ẹ̀gbọ́n wò mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́kẹ́ẹ̀tì dà?"