Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ń Gba Èsì

  

Nígbà tí rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ wa, láàárín ọdún 1930 sí 1940, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa sọ ọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n bí o tilẹ̀ pariwo títí, kò ní dá ọ lóhùn. Rédíò mìíràn wà tí ń gba èsì. Àwọn tí ń lò ó kì í gba owó lórí rẹ̀; ìfẹ́ ìmọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọmọ mi ọkùnrin wà lára wọn. Ohun tí ojú wa rí nígbà tí ó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà darí rédíò rẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín, nítorí mo gbọ́ pé àwọn ọmọ kan láàárín wa ń gbèrò láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé àṣẹ ni ó ṣáájú. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní NCC ni ó ń fúnni ní ìwé náà, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè wa sì ni Nigerian Amateur Radio Society. 5N ni orúkọ ará Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Kí a tó gba òmìnira ní 1960, ZD2 ni. Ẹni tí kò ní ìwé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ rárá. Nígbà tí onílé wa rí wáyà lórí òrùlé, ó béèrè ohun tí a ń ṣe. Ìwé ni mo mú jáde. Bí kò bá sí ìwé lọ́wọ́, kí ni àlejò ì bá wí?

Ọ̀nà tí ọmọ mi fẹ́ gbà sọ̀rọ̀ ni FT8. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Taylor, ará Amẹ́ríkà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993, àti Steve Franke ni wọ́n gbé e jáde ní 2017. Bí dùndún ti ń fi ohùn mẹ́ta sọ̀rọ̀, ohùn mẹ́jọ ni FT8 ń lò. Yóò kọ ohùn 79 léra láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12.64, yóò sì dákẹ́ kí ẹnì kejì lè dáhùn. Ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kódà bí ohùn náà bá rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò lè gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà lè ṣà á jáde kí ó sì kọ ọ́ sójú rẹ̀.

Wáyà USB ni ó so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ rédíò. Nípa rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń bi rédíò pé ibo ni o wà, tí ó ń sọ fún un pé bọ́ sí 14.074, tí ó sì ń pàṣẹ pé sọ̀rọ̀, dákẹ́. Nínú ètò WSJT-X, bọ́tìnì kan wà tí a fi ń dán an wò. Bí àwọn méjèèjì bá gbọ́ ara wọn yé, yóò di àwọ̀ ewé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò pọ́n. Tiwa pọ́n fún ọjọ́ méjì. Ìgbà tí ó yá ni a rí i pé 38400 ni rédíò fi ń sọ̀rọ̀, 9600 ni kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́. A mú wọn bá ara wọn dọ́gba, ó sì di àwọ̀ ewé.

Síbẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣófo. Aago rẹ̀ ti fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin sáré ju ti ayé lọ. Nínú FT8, aago kò gbọdọ̀ yà ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. A tún un ṣe, a pa jẹnẹrétọ̀ tí ń da ariwo sínú rédíò, a sì fi bátìrì ọkọ̀ gbé e. Kíá ni orúkọ ń tò wálẹ̀: Sípéènì, Ítálì, Bràsíìlì.

Kí ó tó sọ̀rọ̀, ó yọ ẹ́ríà, ó fi ohun tí ń gba agbára rédíò mọ́ra tí ń sọ ọ́ di ooru sí ipò rẹ̀, kí ìdánwò má baà dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ lọ déédé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dá ẹ́ríà padà, agbára rédíò gba inú wáyà USB wọ kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kú sára, kò lè sọ fún rédíò mọ́ pé dákẹ́, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ọwọ́ ọmọ mi wà lórí bọ́tìnì iná; ó pa á kí rédíò tó jóná. Ká ní ó ti lọ jẹun ńkọ́? Ó fi òrùka ferrite sí wáyà, ó gbé ẹ́ríà jìnnà sílé, ó dín agbára kù sí wáàtì 30. Láti ọjọ́ náà, kò ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó pè, ará Sípéènì kan sì dá a lóhùn. JJ26 ni ó fi sọ ibi tí ó wà. Àmì ìlú Bìní nìyẹn. Ti Èkó ni JJ16, ti Òṣogbo ni JJ27.

Ìyàwó mi béèrè bóyá a lè fi kí ìyá wa nílé. Rárá o. Lẹ́tà 13 péré ni FT8 gbà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni, kò sì ní àmì ohùn. “E KU ISE O” wọ inú rẹ̀, ó tán. Ìyá náà kò sì ní rédíò. Fóònù ni kí a fi kí i.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe é, ẹ má lé e. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé kò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń darí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí fún wa. Àṣẹ.