Nígbà Tí Ẹ́ńjìnnì Bá Ń Hó Bí Ìkòkò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá dúró ní ibùdókọ̀ Anthony lẹ́yìn ìrun alásárì, nígbà tí àwọn ọkọ̀ tí ó ti Òṣòdì bọ̀ bá pàdé àwọn tí ń lọ sí Ketu àti Mile 12, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí danfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀, tí oruku funfun ń rú jáde. Àwọn èrò ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bèèrè owó wọn lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́. Dírẹ́bà ti sáré lọ ra omi inú ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bọ́: baba tí ń wà á, tàbí ìyá tí ó kó owó àjọ, tí ó fi ra bọ́ọ̀sì fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó máa fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná rékọjá ààlà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó lè gbé èrè oṣù púpọ̀ lọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a wo àìsàn yìí ní fínnífínní.

Volkswagen tí a sọ di danfo ní Èkó, ilé ni ó jẹ́ fún àwọn kan ní Jámánì. Láti 1951 ni iléeṣẹ́ Westfalia ti ń ṣe ibùsùn, tábìlì àti àpótí sínú rẹ̀, tí baba, ìyá àti ọmọ ń sùn sínú rẹ̀ bí wọ́n bá lọ sinmi. Ẹ má rẹ́rìn-ín: àìsàn kan náà ni ó ń ṣe ilé tiwọn àti danfo tiwa. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ wà lẹ́yìn ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, kò sí rédíétọ̀ lára rẹ̀ rárá. Ní nǹkan bí 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi omi tu èyí tí ń lo pẹtiróòlù. Wọ́n gbé rédíétọ̀ sí iwájú, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lẹ́yìn, omi sì ń gba inú páìpù gígùn lábẹ́ ọkọ̀ lọ, ó ń gbà á bọ̀. Bí a bá bu omi sí irú ọkọ̀ yìí láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, afẹ́fẹ́ náà a dínà mọ́ omi, ọkọ̀ a sì máa gbóná bí ẹni pé a kò bu omi sí i. Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ a fi jáàkì gbé imú ọkọ̀ sókè, a tú ìdè kékeré tí ó wà lókè rédíétọ̀, a dúró títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde tán.

Ìbéèrè kìíní tí ó yẹ kí a bi dírẹ́bà ni èyí: ìgbà wo ni ó ń gbóná? Bí ó bá jẹ́ pé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Maryland sí Anthony ni ó ti ń gbóná, tí ó sì ń tutù bí ó bá ti dé orí Third Mainland Bridge tí ó ń sáré, ẹ lọ wo fáànù. Atẹ́gùn ọ̀nà ni ó ń ṣiṣẹ́ náà nígbà tí ọkọ̀ ń sáré. Bí ó bá dúró, fáànù nìkan ni ó kù. Bẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè ti dẹ̀, tàbí kí fíúsì fáànù oníná ti jó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ orí eré, pẹ̀lú èrò kíkún, ni ó ti ń gbóná, omi kò rí ọ̀nà kọjá dáradára ni. Ìpẹtà lè ti dí inú rédíétọ̀, ẹrẹ̀ àti ọ̀rá lè ti bo ojú rẹ̀, tàbí kí pọ́ǹpù omi ti rẹ̀.

Bí họ́ọ̀sì òkè bá gbóná janjan, tí ti ìsàlẹ̀ sì tutù, yálà rédíétọ̀ ti dí tàbí thermostat kò ṣí. Thermostat yìí ni aṣọ́nà omi: nígbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 85 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún un láti lọ sí rédíétọ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa kan a ní ti ìlú òtútù ni, kí a yọ ọ́ dànù. N kò fara mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó a máa jẹ epo, a sì máa tètè gbó. Nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, thermostat kan náà ni ó ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ìbá gbà padà láìdé rédíétọ̀. Bí a bá yọ ọ́, ooru a tún pọ̀ sí i. Ẹ fi okùn so ó rọ̀ sínú omi lórí iná, nínú ìkòkò tí ẹ kì í fi se oúnjẹ. Bí omi bá hó tí kò ṣí, ẹ ra òmíràn.

Bí omi bá ń dínkù ṣùgbọ́n tí kò sí ibi tí ó ń jò, ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu tí a da wàrà sí, tàbí tí omi ń yọ ìfófòó nínú rédíétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ni ó ti jó. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́. Kí a bu omi sí i ní Anthony, kí a tún bu sí i ní Ojota, kò wo ohunkóhun sàn.

Ní ti ìdérí rédíétọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣí i nígbà tí ó gbóná. Bí ó ti wà ní dídé pa yìí, omi inú rẹ̀ lè gbóná kọjá 100 láìhó. Bí a bá ti tú u, yóò tú jáde sójú ẹni tí ó dúró tì í. Ẹ dúró tó ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ tó fi aṣọ nípọn tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, orí rẹ̀ lè sán. Omi kànga ń kó ìpẹtà àti èérí bá rédíétọ̀. Omi mímọ́ tí a pò mọ́ kóòlántì ni ó dára.

Bí ọwọ́ gééjì bá sì ń gòkè nínú gósíló, tí kò sí ibi tí ẹ lè yà sí, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ sì ṣí ẹ̀rọ amóoru dé òpin. Ooru ẹ́ńjìnnì yóò gba ibẹ̀ jáde díẹ̀. Àwọn èrò yóò pariwo, wọn yóò ní orí dírẹ́bà ti dàrú. Ẹ ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, kí wọ́n ní sùúrù títí ẹ ó fi rí ibi tí ẹ lè páàkì sí.