Alhaja Wo Ni Ó Ni Ọ̀rá Oògùn Yìí?



Láìpẹ́ yìí, a lọ kí àwọn àgbàlagbà ní ilé ìtọ́jú kan, a sì béèrè ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú wọn gbé agolo mílíìkì kan wálẹ̀ lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ọ̀rá kéékèèké ló kún inú rẹ̀. Èyí tí a kọ́kọ́ mú, "Alhaja" nìkan ni wọ́n kọ sí i lára. Bẹ́ẹ̀, Alhaja mẹ́fà ni a ti kí kí a tó dé ilé ìdáná!

Ọmọ náà kì í ṣe aláìbìkítà o. Ó mọ oògùn oníkálukú lórí. Ọjọ́ tí òun kò bá wá síṣẹ́ ńkọ́? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè funfun, kí ó rí roboto, kí ti ìtọ̀ ṣúgà náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ìyá tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà bá gbé glibenclamide mì, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀: yóò máa làágùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú, ó sì lè dákú. Àwọn ará ilé á ní ogbó ni. Wọ́n á ní, "Mama ń sùn, ẹ má jí wọn." Ó lè gba ibẹ̀ kú.

Ẹ jẹ́ kí oògùn wà nínú páálí tó bá wá, nítorí ibẹ̀ ni nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kà á sínú ọ̀rá ni, kí apòògùn kọ orúkọ aláìsàn ní kíkún, orúkọ oògùn, àti ìwọ̀n rẹ̀, nítorí amlodipine 5 mg yàtọ̀ sí 10 mg. Àwọn kan máa ń fi àkókò ìrun ṣe àmì. Ó dára fún oògùn ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a ní kí wọ́n lò ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ, aago ni kí ẹ kọ, torí láti Àìlá sí Mọ̀gáríbì kò pé wákàtí mẹ́jọ.

Ooru ilé ìdáná àti oòrùn ojú fèrèsé ń ba oògùn jẹ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ló yẹ ẹ́, kí àpótí oníkálukú dá wà, nítorí ẹni tí ìgbàgbé ń dà láàmú lè lo ti àárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Insulin tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni, kì í ṣe firísà. Èyí tó bá ti dì, ẹ má lò ó mọ́ bó tilẹ̀ yọ́.

Àwa àti ọmọ náà jókòó sórí ẹní, a ń kọ orúkọ títí wọ́n fi pe ìrun Aláàsárì. Ọ̀rá mẹ́ta ni a kò rí olówó rẹ̀. Ìkẹrin jẹ́ ti bàbá kan tó ti jáde láyé. Ẹnìkan fẹ́ fi í ṣe sàráà fún bàbá mìíràn tó ní irú àìsàn yẹn. A kọ̀, a sì kó gbogbo rẹ̀ lọ fún apòògùn kí ó bá wa sọ ọ́ nù.