Ẹ jẹ́ ká mọ̀: CRIET, ilé ẹjọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ dé Adja-Ouèrè

Ọ̀dọ́ tí ọlọ́pàá bá mú ní Adja-Ouèrè, ní orílẹ̀-èdè Benin, lórí jìbìtì íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n ń pè ní "gayman", kì í sábà jẹ́jọ́ ní Pobè tó wà nítòsí. Porto-Novo ni wọ́n ń gbé e lọ, sí CRIET. Ìyá rẹ̀ ni yóò máa wá owó ọkọ̀ kiri.

Ọdún 2018 ni ìjọba Patrice Talon dá CRIET sílẹ̀ láti gbógun ti ìkówójẹ, oògùn olóró àti ìpániláyà. Ta ni yóò ní òun ò fẹ́?

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún náà, CRIET dá ẹ̀wọ̀n 20 ọdún fún Sébastien Ajavon lórí ẹ̀sùn kokéènì tí ilé ẹjọ́ mìíràn ti dá a sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2016. Olówó yìí ló wà ní ipò kẹta nínú ìdìbò ààrẹ 2016, tó sì ti Talon lẹ́yìn ní ìpele kejì! Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha dá a láre ní 2019. Ní 2020, Benin fagi lé àṣẹ tí aráàlú fi ń pẹjọ́ síbẹ̀ tààrà. Ní 2021, CRIET dá ẹ̀wọ̀n fún olóṣèlú alátakò méjì: Reckya Madougou 20 ọdún, Joël Aïvo 10.

Ilẹ̀kùn Arusha kò tì mọ́ olóṣèlú nìkan. Ọmọ Adja-Ouèrè tí CRIET bá dá lẹ́bi náà kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀ gbé lọ síbẹ̀ mọ́.