Ẹ̀rọ Géèmù Tuntun: Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Pe Iye?

Ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 1995 ni. Níbi ìpàtẹ géèmù E3 àkọ́kọ́ ní Los Angeles, Tom Kalinske, ọ̀gá Sega ní Amẹ́ríkà, bọ́ sórí pèpéle. Ohun tí wọ́n ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé oṣù Kẹsàn-án ni Saturn, ẹ̀rọ géèmù wọn tuntun, máa jáde. Kalinske ní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́: ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, 399 dọ́là ni. Ó fẹ́ gba iwájú mọ́ PlayStation ti Sony lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n pe Steve Race ti Sony síta. Ó ní "299", ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń pàtẹ mọ̀ ọ́n: bí ìwọ àti ẹlòmíràn bá jọ ń ta irú ọjà kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ pe iye ti fún ẹnìkejì láyè láti pe tiẹ̀ wálẹ̀.

Owó nìkan kọ́ ló dun Sega. Àṣírí tí wọ́n fi pa mọ́ fún Sony, wọ́n fi pa mọ́ fún ọ̀rẹ́ wọn náà. Ilé-ìtajà mẹ́rin péré ló rí Saturn gbà. Inú bí KB Toys tí wọ́n fò dá, ni wọn ò bá ta ọjà Sega mọ́. Àwọn tó ń ṣe géèmù ti fi oṣù Kẹsàn-án sọ́kàn, iṣẹ́ wọn kò tíì jinná. Ẹni tó sáré ra Saturn gbé e délé, géèmù tó máa gbá kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ tó tètè jáde náà lágbára tiẹ̀, torí ó lè so ọwọ́ oníbàárà ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹta 1999, ó ku oṣù mẹ́fà kí Dreamcast Sega dé Amẹ́ríkà, Sony ti ń ròyìn PlayStation 2 tí kò ní débẹ̀ títí oṣù Kẹwàá 2000. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn á dúró dè é. Ìyẹn nìkan kọ́ ló pa Dreamcast, ṣùgbọ́n kí oṣù Kìn-ín-ní 2001 tó parí, Sega ti kéde pé àwọn jáwọ́ nínú ṣíṣe ẹ̀rọ géèmù.

Oníbàárà tí ọ̀rọ̀ so lọ́wọ́ sì lè jẹ́ tìrẹ gan-an. Osborne, tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní California, ń sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà tuntun nígbà tí ti àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀. Ní 1983, ó wọko gbèsè. Àwọn kan ní ìtàn náà ti ní àbùmọ́, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀gá títí dòní.

Abájọ tí Microsoft àti Sony fi ń ṣọ́ ara wọn ní 2020. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ han ayé, kò sẹ́ni tó pe iye rẹ̀, títí di ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, tó ku oṣù méjì kí ọjà bẹ̀rẹ̀, tí Microsoft ní 499 dọ́là. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, Sony náà ní 499.

Nintendo ló tún wá fa ọ̀rọ̀ gùn jù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún 2024, ọjọ́ tí wọ́n ń jíhìn owó fún àwọn onípìn-ín, ọ̀gá wọn Shuntaro Furukawa ní àwọn máa sọ̀rọ̀ nípa arọ́pò ẹ̀rọ Switch kí oṣù Kẹta 2025 tó parí. Ìkéde pé ìkéde ń bọ̀! Wọ́n jẹ́ kí ọjà Kérésì ti àtijọ́ kọjá (lójú tèmi, kì í ṣèèṣì) kí wọ́n tó fi Switch 2 hàn ní oṣù Kìn-ín-ní. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ni wọ́n pe iye, ọjọ́ yẹn gan-an ni Trump kéde owó ibodè tuntun. Kíá ni wọ́n dá ìgbowó ṣáájú dúró ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 24 ni wọ́n padà ṣí i. Àwọn ohun èlò tó ń bá a rìn gbówó lórí, ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò kúrò ní 449.99 dọ́là tí wọ́n ti pè.